ERÌGÌ TÍ Ó Ń ṢẸ̀JẸ̀: Ìwé Ìlàlóye láti Ilé Ìwòsàn Eyín

Àwọn àgbà ní funfun niyì eyín, òótọ́ sì ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn eyín, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ń wá bá wa tí eyín wọn funfun báláú, tí kò ní ihò kankan, síbẹ̀ tí eyín ọ̀hún ń mì lọ mì bọ̀ lẹ́nu wọn, tí wọn kò lè fi ya ẹran, tí wọn kò sì lè fi fọ́ eegun mọ́. Eyín kọ́ ni àìsàn wọn, erìgì ni. Erìgì àti eegun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó di eyín mú gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti di ìdí igi mú, bí ọ̀gbàrá bá sì ti wọ́ ilẹ̀ ìdí igi lọ, kò sí bí igi náà ti lè lẹ́wà tó tí kò ní ṣubú.

Ohun tí ń fa àrùn yìí kò ti òkèèrè wá. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ìdọ̀tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan a máa lẹ̀ mọ́ eyín lójoojúmọ́, pàápàá jù lọ níbi tí eyín àti erìgì ti pàdé; ẹni tí ó bá fi èékánná ha ìdí eyín rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó tó fọnu yóò rí i lábẹ́ èékánná, ó funfun, ó sì ń yọ̀. Àìmọye kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó kún inú rẹ̀. Bí a bá ń fọ̀ ọ́ dànù lójoojúmọ́, agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn èròjà inú itọ́ a wọ inú rẹ̀, a sì le, a di èépá tí ó dàbí òkúta, tí apá búrọ́ọ̀ṣì àti ti orin kò ní í ká mọ́.

Erìgì tí ara rẹ̀ le a máa ki, a máa fún mọ́ ọrùn eyín, kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀. Àwọ̀ dúdú tí Ọlọ́run fi sí erìgì ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe àrùn rárá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bó o. Ṣùgbọ́n bí erìgì bá wú, tí ó ń dán, tí ẹ ge àgbàdo sísun jẹ tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ lára ṣùkù rẹ̀, tàbí tí itọ́ tí ẹ tu nígbà tí ẹ ń run orin bá pupa, àrùn ti dé nìyẹn. Kì í sábà dunni ní àkókò yìí, àìdunni yìí gan-an ni ó sì fi ń tan ènìyàn jẹ, tí ẹlòmíràn fi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ẹnu òun ti ń ṣe láti kékeré. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí a bá tètè fi ìmọ́tótó kojú rẹ̀, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 erìgì lè padà sípò. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí ó wọlé, erìgì yóò ṣí kúrò lára eyín, ọyún yóò máa jáde níbẹ̀, ẹnu yóò máa rùn, eegun tí ó gbé eyín ró yóò sì máa run díẹ̀díẹ̀. Eegun tí ó bá ti run kì í hù padà fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èjí náà yẹ ní sísọ níhìn-ín, nítorí Yorùbá fẹ́ràn èjí, a sì máa ń fi í ki ọmọge. Èjí tí a bí mọ́ni, ẹwà ni; ṣùgbọ́n bí èjí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lẹ́nu àgbàlagbà, tí eyín iwájú rẹ̀ ń ya síra tí ó sì ń yọ síta ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ṣeé ṣe kí eegun ìdí rẹ̀ ti máa run. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tètè wá kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

Àṣìṣe tí ó ń ba ọ̀pọ̀ ẹnu jẹ́ ni pé bí ibì kan bá ti ṣẹ̀jẹ̀, ènìyàn a máa sá fún ibẹ̀ nígbà tí ó bá ń fọnu, ìdọ̀tí a sì tún máa pọ̀ sí i níbi tí ó ti ń ṣe é. Ibi tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ni kí ẹ fọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí ó rọ̀. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò le, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí irun rẹ̀ lè kan etí erìgì, kí ẹ sì máa rọra yí i fún ìṣẹ́jú 2, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ kí ẹ tó sùn, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride. Àwa kò ní kí ẹ ju orin nù: orin àtá, orin ayín àti pákò Ìjẹ̀bú ti ṣe àwọn baba wa lóore. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi rí wúruwùru, kí ó sì dé ẹ̀yìn eyín àti ọ̀dọ̀ àwọn eyín inú lọ́hùn-ún, nítorí eyín iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi orin fọ̀. Òwú ìfọyín ni ó dára láti fi mú ìdọ̀tí àárín eyín kúrò, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tàbí ọwọ̀ gbígbẹ tí ó lè gún erìgì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife kan tí a po ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ sí lè mú kí ara tu erìgì, ṣùgbọ́n kò lè dípò fífọ̀.

Ẹni tí ń mu sìgá tàbí tí ń fi áṣáà sẹ́nu wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ, sìgá a sì máa dín ẹ̀jẹ̀ erìgì kù tó bẹ́ẹ̀ tí àmì àrùn kò fi ní hàn. Àtọ̀gbẹ àti àrùn erìgì a máa ran ara wọn lọ́wọ́ láti ṣe ènìyàn níbi, nítorí náà kí alátọ̀gbẹ má ṣe fi ẹnu rẹ̀ ṣeré. Erìgì aboyún a máa tètè wú. Kò sí ewu nínú kí ó wá tọ́jú eyín rẹ̀, kí ó ṣáà sọ fún wa pé òun lóyún. Àwọn oògùn wárápá àti ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí ń mú kí erìgì hù bo eyín: ẹ má ṣe dá wọn dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà.

Èépá tí ó ti le, ilé ìwòsàn nìkan ni ó lè ha á kúrò. Ẹ̀rù èyí ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ní ó ń mú kí eyín máa mì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé eyín náà ti ń mì tẹ́lẹ̀, èépá ni ó dì í pọ̀, bí ó sì ti kúrò ni àyè tí ó bò mọ́lẹ̀ hàn sójú. Oògùn tí a rà lọ́wọ́ alágbàtà kò lè ha èépá, omi bátìrì àti ògógóró tí àwọn kan ń fi sẹ́nu sì ń jó ẹran ẹnu ni. Ẹ máa wá fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, bí nǹkan kan kò tilẹ̀ ṣe yín.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tí ibà sì tẹ̀lé e, bí ẹnu kò bá ṣeé là tàbí tí oúnjẹ kò ṣeé gbé mì, tàbí bí egbò tí ń rùn bá yọ ní erìgì ọmọdé tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ dáadáa, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kejì: ẹ gbé aláìsàn náà wá lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà ṣe òru.