Orúkọ Kan, Ìdílé Púpọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ènìyàn bá gbọ́ orúkọ ọmọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ irú ilé tí ọmọ náà ti jáde wá. Ilé àwọn onífá ni Fábùnmi ti ń wá, ilé àwọn ológùn-ún ni Ògúndélé ti ń wá, ilé ọba ni Adéyẹmí sì ti ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ nìkan lè ṣìnà. Ènìyàn méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí wọ́n má ṣe iyèkan, kí wọ́n má sì ṣe ọbàkan.

Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí wà nítòsí fún àwọn ọmọ ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Alárá ni oyè ọba Arámọkọ. Bí ọmọ Arámọkọ bá rin ìrìn-àjò dé Ìlárá-Mọ̀kín, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, yóò bá Alárá mìíràn níbẹ̀. Bí ó bá tún sọ̀kalẹ̀ dé Ìlárá tí ó wà ní ẹkùn Ẹ̀pẹ́, Alárá ni àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú ń pe ọba wọn. Bákan náà ni Ìmẹ̀sí méjì wà. Òkè-Ìmẹ̀sí wà ní Èkìtì, Ìmẹ̀sí-Ilé sì wà ní Ọ̀ṣun. Bí ènìyàn bá kọ "Ìmẹ̀sí" nìkan sí ẹ̀yìn lẹ́tà, kí ó má bínú bí lẹ́tà náà bá lọ sí ìlú tí òun kò rán an sí. Orúkọ jọ orúkọ, ṣùgbọ́n ìlú kan kọ́ ni.

Bí ọ̀ràn ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ó rí láàárín àwọn ẹ̀yà mìíràn ní ayé. Ọmọ ilé ìwé tí ó wà ní Ìjerò, tàbí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, a máa pàdé orúkọ kan léraléra nínú ìwé ìtàn rẹ̀, èyí tí kì í ṣe orúkọ Yorùbá rárá. Orúkọ náà ni Macaulay. Macaulay kan jẹ́ gómìnà ní ilẹ̀ Sàró, òmíràn kọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Èkó, òmíràn sì bá ìjọba jà nítorí ilẹ̀ àwọn ọmọ Èkó. Ṣé ìdílé kan ni gbogbo wọn? Rárá o. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń jẹ́ orúkọ kan? Ìbéèrè yìí tọ́ kí a wádìí rẹ̀.

Orúkọ àwọn ará Skọ́tílándì ni Macaulay. Èdè kan wà tí àwọn ará òkè àti àwọn ará erékùṣù ilẹ̀ náà ń sọ, Gaelic ni orúkọ rẹ̀. Nínú èdè yìí, "Mac" túmọ̀ sí "ọmọ". Bí ará Èkìtì ti í fi "ọmọ" bẹ̀rẹ̀ oríkì ìdílé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn ará Skọ́tílándì fi "Mac" bẹ̀rẹ̀ orúkọ ilé wọn. Ọmọ ta wá ni Macaulay? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì nìyí. Ní erékùṣù Lewis, "ọmọ Olaf" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ àwọn ará Nọ́wè ni Olaf. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn ará Nọ́wè ti fi ọkọ̀ ojú omi wá sí àwọn erékùṣù wọ̀nyí, tí wọ́n jagun gbà wọ́n, tí wọ́n sì fẹ́ aya níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Macaulay mìíràn wà ní Ardincaple, nítòsí ẹnu odò Clyde, tí wọn kò bá ti Lewis tan. Nígbà tí àwọn akọ̀wé ń fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ ìdílé méjèèjì sílẹ̀, àkọsílẹ̀ wọn di ọ̀kan náà. Nítorí náà, láti ilé ni orúkọ yìí ti ń da àwọn méjì tí kò bára tan pọ̀.

Láti inú àwọn ará erékùṣù ni Zachary Macaulay ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1768 ni a bí i ní Inveraray ní Skọ́tílándì, àlùfáà sì ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n rán an lọ sí Jàmáíkà láti ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ni ń ro oko náà, Zachary sì di alábòójútó lórí wọn. Ìyà tí ó rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ mọ́. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó padà sí ilé, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń fẹ́ kí òwò ẹrú parẹ́. Ní ọdún 1794 ó di gómìnà ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró, ìlú tí àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti gba òmìnira tẹ̀dó sí ní ọdún 1792. Ní ọdún tí ó di gómìnà yìí náà ni àwọn ọkọ̀ ogun Faransé wá kọlu ìlú náà tí wọ́n sì kó o lẹ́rù, ṣùgbọ́n òun àti àwọn ará ìlú tún un kọ́. Ó padà sí Ìlú Ọba ní ọdún 1799, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ kó ẹ̀rí jọ lórí ìwà ìkà tí ń bẹ nínú òwò ẹrú. Ó kú ní ọdún 1838.

Ní ọdún 1807 ni Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìlú Ọba ṣe òfin tí ó ka òwò ẹrú léèwọ̀. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lépa àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹrú lórí òkun. Freetown ni wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ. Ogun ti gba ilẹ̀ Yorùbá kan ní àkókò náà, nítorí náà àwọn Yorùbá pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí a tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A fún wọn ní ilẹ̀ ní àwọn ìletò tí ó yí Freetown ká. Nígbà tí a bá sì ń ṣe ìrìbọmi fún wọn tàbí fún ọmọ wọn, a máa ń fún wọn ní orúkọ àwọn òyìnbó tí ó lókìkí níbẹ̀: orúkọ míṣọ́nnárì, orúkọ gómìnà, tàbí orúkọ ẹni tí ó ṣe ìjọ lóore.

Ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá tí ó dé ilẹ̀ Sàró ni Òjó Oríaré, ará agbègbè Ìkìrun, ìlú tí kò jìnnà sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Ní ọdún 1826, a bí ọmọkùnrin kan fún un ní ìletò Kissy. Ọmọ Òjó ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí a pè é ni Thomas Babington Macaulay. Ọmọ tí Zachary Macaulay bí ní tirẹ̀ wà láyé nígbà náà, Thomas Babington Macaulay ni òun pẹ̀lú ń jẹ́. Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì fi jọra, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ọmọ ará Skọ́tílándì, èkejì sì jẹ́ ọmọ ará Ìkìrun.

Èyí tí ó jẹ́ òyìnbó ni a bí ní ọdún 1800. Ó di gbajúgbajà òǹkọ̀wé ìtàn, wọ́n sì fi oyè ńlá dá a lọ́lá ní Ìlú Ọba. Ní ọdún 1835, nígbà tí ó wà ní Íńdíà, ó kọ ìwé ìmọ̀ràn sí ìjọba pé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n náwó lé lórí, ó sì fi ojú kékeré wo ìwé àwọn ará ilẹ̀ náà. Ó kú ní oṣù December ọdún 1859.

Ọdún 1859 kan náà ni èyí tí ó jẹ́ ọmọ Òjó Oríaré ṣe iṣẹ́ tí a fi ń rántí rẹ̀. Ó ti kàwé ní Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró àti ní Ìlú Ọba, ó ti di àlùfáà, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Abigail, ọmọ Samuel Àjàyí Crowther, ni ó fi ṣe aya. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù June ọdún náà, ó ṣí CMS Grammar School ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọmọ mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò kan, James Pinson Lábulọ̀ Davies, fi £50 ṣe ìrànlọ́wọ́ láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Thomas Babington Macaulay jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà títí ọdún 1878 tí àrùn ṣọ̀pọ̀nná fi pa á.

Ọmọ rẹ̀, Herbert, ni ó wá mú orúkọ náà dé ẹnu gbogbo ènìyàn. Ọdún 1864 ni a bí i ní Èkó. Ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1890 láti kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ àti iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tí ó padà dé, ó bá ìjọba ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba ọdún díẹ̀, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá, ó bá Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí London ní ọdún 1920. Ní 1921 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dá Olúwa láre pé àwọn ènìyàn òun ni ó ni ilẹ̀ náà, àti pé ìjọba ní láti san owó rẹ̀ bí ó ti tọ́. Ní 1923 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, ní 1944 ó di ààrẹ ẹgbẹ́ NCNC, ó sì kú ní oṣù May 1946. Orúkọ gómìnà ilẹ̀ Sàró ni ó ń jẹ́, síbẹ̀ àwọn gómìnà Èkó kò ní alátakò tí ó le jù ú lọ ní àkókò rẹ̀.

Orúkọ náà ti kúrò lára ènìyàn, ó ti dé ara ibi àti ohun gbogbo. Òpópónà Herbert Macaulay wà ní Yábàá ní Èkó, òmíràn sì wà ní Àbújá. Ní Ìkòròdú, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí a ń pè ní Babington Macaulay Junior Seminary. Láti ọdún 1979 ni àwòrán Herbert Macaulay ti wà lórí owó náírà kan. Ẹni tí ó bá rin òpópónà wọ̀nyí kò lè rántí erékùṣù Lewis tàbí Olaf ará Nọ́wè. Èkó ni yóò rántí.

Kí ọmọ Èkìtì má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà ní ẹ̀bá Òkè-Ìmẹ̀sí, tí Fábùnmi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọni rẹ̀, àlùfáà méjì ni ó ń ti ibùdó kan bọ́ sí èkejì láti wá àlàáfíà. Samuel Johnson ni orúkọ ọ̀kan, Charles Phillips ni orúkọ èkejì. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ wọn nìkan yóò pè wọ́n ní òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, Johnson sì ti inú ìdílé ọba Ọ̀yọ́ wá. Ọwọ́ wọn ni àdéhùn ọdún 1886 gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba Èkìtì. Orúkọ àjèjì kò dí wọn lọ́wọ́ láti bá àwọn ènìyàn wọn sọ̀rọ̀ ní èdè abínibí.

Àwọn kan wà tí kò fẹ́ gbé orúkọ àjèjì kú. Ní ọdún 1894, àlùfáà kan tí a bí ní Iléṣà, tí a ń pè ní David Brown Vincent, bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó sì di Mọjọlà Àgbébì. Ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn. Ti Herbert Macaulay yàtọ̀: kò bọ́ orúkọ àjèjì náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìwà rẹ̀ sọ ọ́ di orúkọ ilẹ̀ yìí. Kò sí èyí tí a lè bá wí nínú wọn, nítorí pé àwọn méjèèjì mọ ibi tí orúkọ wọn ti wá.

Ohun tí ó yẹ kí ọmọ ilé ìwé fi sọ́kàn nìyí. Bí ó bá rí ènìyàn méjì tàbí ìlú méjì tí orúkọ wọn bára mu, kí ó má kánjú pè wọ́n ní ẹbí. Kí ó kọ́kọ́ bèèrè ọ̀nà tí orúkọ náà gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó lè jẹ́ pé ogun ni ó gbé e wá, ó lè jẹ́ òwò, ó lè jẹ́ ìrìbọmi, ó sì lè jẹ́ pé lẹ́tà akọ̀wé ni ó ṣe é. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó Òjó Oríaré kúrò ní ilé, orúkọ tí a kò wo ilé fún ni ọmọ rẹ̀ gbà, iṣẹ́ rere ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó sì mú kí ilé lè fi orúkọ náà yangàn.