Gbéborùn, Àlejò Tí Ó Gba Ọ̀nà Omi Lọ́wọ́ Onílé

Bí ẹ bá bi àgbẹ̀ orí ilẹ̀ léèrè pé koríko wo ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, yóò nawọ́ sí èèkan àti èèsún, tàbí kí ó fi Akíntọ́lá hàn yín, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń fún omi ewé rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́. Gbogbo wọn ni wọ́n gbọ́ èdè ọkọ́ àti àdá. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ní Etikan, létí òkun Ìlàjẹ, níbi tí odò jẹ́ títì fún wa, koríko tí ó dá wa lágara kò mọ ọkọ́. Orí omi ni ó ń gbé. Òyìnbó ń pè é ní water hyacinth. Àwọn Yorùbá sọ ọ́ ní gbéborùn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olófòófó, nítorí pé kò sí èbúté tí kì í yà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ojú oró àti òṣíbàtà. Àwọn yẹn ti wà lórí omi wa láti ayébáyé, àwọn bàbá wa kò sì bá wọn jà. Ewé gbéborùn nípọn, ó sì ń dán. Igi ewé rẹ̀ wú bí bọ́ọ̀lù kékeré, afẹ́fẹ́ ni ó kún inú rẹ̀, òun ni ó mú un léfòó. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ó sì lẹ́wà púpọ̀. Ẹwà náà ni ó kó bá ayé, nítorí agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, àwọn olùfẹ́ òdòdó ni wọ́n sì gbé e kiri. Ní 1984 ni a rí i lójú omi Badagry, ó gba ìhà Àjàṣẹ́, tí a ń pè ní Porto-Novo, wọlé. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti la ọ̀sà Èkó kọjá dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá kó o jọ sí ojú kan, atukọ̀ kò ní rí ibi tí yóò ti àjẹ̀ bọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ a lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ a dúró láàárín omi, àwọn èrò a sì máa wo ara wọn lójú. Obìnrin tí ó ń gbé ẹja yíyan lọ sí Igbókọ̀dá a bá ọjà tí ó ti tú. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, inú ìwé orúkọ ni mo ti ń mọ ọjọ́ tí gbéborùn dí ọ̀nà: àwọn ọmọ òdìkejì omi a wọlé ní agogo mẹ́wàá, aṣọ wọn a tutù dé ìbàdí. Ta ni mo fẹ́ nà?

Ó ń bí bí eku. Ìyá a na ọwọ́ lórí omi, ọmọ a hù ní ìparí ọwọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré ó lè di ìlọ́po méjì. Èso tí ó bá sì rì sínú ẹrẹ̀ lè wà láàyè títí di 20 ọdún. Nítorí náà ni mo ṣe ń rẹ́rìn-ín bí ẹnìkan bá sọ pé òun ti pa á tán.

Àwọn kan ní kí a jẹ́ kí omi òkun wọlé, nítorí omi iyọ̀ ń pa á. Òótọ́ ni pé ó ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ará Awóyè léèrè ohun tí omi iyọ̀ ṣe sí igbó wọn nígbà tí òkun rí ọ̀nà wọlé. Oògùn apakoríko náà ń pa á, àmọ́ inú omi tí a ń wẹ̀, tí a sì ń fọ ẹja, ni oògùn náà ń lọ. Bí púpọ̀ rẹ̀ bá sì kú lẹ́ẹ̀kan, tí ó ń jẹrà lábẹ́ omi, yóò gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí.

Ní etí èbúté, ọwọ́ ni mo fara mọ́. Kí a fà á kí ó tó yọ òdòdó, tòun ti gbòǹgbò. Èyí tí a fi àdá gé sí wẹ́wẹ́, irúgbìn ni a sọ ọ́ dà. Kí a gbé e jìnnà sí omi. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n kàn ń tì í lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ìjà pẹ̀lú aládùúgbò ni ìyẹn, kì í ṣe ìmọ́tótó. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, nǹkan bí 95 jẹ́ omi, nítorí náà òkìtì ńlá a gbẹ di ìwọ̀nba. Ẹ pò ó mọ́ eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́, ẹ jẹ́ kí ó jẹrà; ilẹ̀ oníyanrìn bíi tiwa fẹ́ràn rẹ̀ fún tẹ̀tẹ̀ àti ata. Ẹ má ṣe lo èyí tí ó wà níbi tí epo rọ̀bì ti léfòó, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń fa májèlé mu.

Fún àárín odò, kòkòrò ni. Ní 1991 àwọn onímọ̀ IITA, tí olú-ilé wọn wà ní Ìbàdàn, tú kòkòrò kékeré kan tí ń jẹ́ Neochetina sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìlú kan náà ni òun àti gbéborùn ti wá. Àgbà rẹ̀ ń họ ewé, ọmọ rẹ̀ ń lu igi ewé, omi a wọ inú rẹ̀, a sì rì. Kò yá, ọdún ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé owó tí ó padà sọ́wọ́ àwọn ará gúúsù Benin lọ́dọọdún nítorí kòkòrò yìí tó mílíọ̀nù 30 dọ́là. Ìyá kan bi mí pé, “Tíṣà, bí ó bá jẹ gbéborùn tán, ṣé kì í ṣe ẹ̀gẹ́ wa ni ó kàn?” Mo ní, “Rárá, Ìyá. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá tán, ebi ni yóò pa á.” Wọ́n ti dán an wò lórí oríṣiríṣi ewéko kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni èyí. Ẹ̀bẹ̀ wa ni kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí Ìlàjẹ gbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin oníṣòwò, owó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Arábìnrin Achenyo Idachaba ń fi igi ewé rẹ̀ hun agbọ̀n àti àpò, ó sì sọ ìtàn iṣẹ́ náà fún gbogbo ayé lórí pèpéle TED ní 2015. Nínú kíláàsì mi a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í lọ́ okùn. Igi ewé tí ó gùn ni kí ẹ yàn, kí ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi pọ́n, kí ẹ tó lọ́ ọ. Èyí tí kò bá gbẹ dáadáa yóò bu láàárín ọ̀sẹ̀ kan.