Òbí, Ọmọ àti Ìwé Ìtàn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Kí apàlọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, yóò kọ́kọ́ ké pé, "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ tí ó yí i ká yóò sì dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Bí wọn kò bá dáhùn, kò ní í pa á. Bí ó ti ń pa àlọ́ náà lọ ni yóò máa dá orin, àwọn ọmọ yóò sì máa gbè é. Nígbà tí ó bá parí, yóò bi wọ́n léèrè ohun tí ìtàn náà kọ́ wọn. Nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá àtijọ́ ti ń gba ọ̀rọ̀, òwe, orin àti ìrònú sórí kí ó tó mọ ohun tí ń jẹ́ síléètì. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ òbí kì í tètè ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá àgbà tí ó mọ àlọ́ wà ní abúlé. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Fóònù ni ó wà lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn òbí kan ń bú fóònù náà pé òun ni ó ń ba ọmọ jẹ́. Àwọn mìíràn ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó má baà sunkún, wọ́n á sì bá iṣẹ́ tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà. Àwọn ohun kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ṣe fún òbí àti ọmọ pọ̀, tí a kò sì gba owó lé lórí. Bí òbí bá mọ̀ wọ́n, tí ó sì mọ bí a ti ń lò wọ́n, wọ́n lè dá díẹ̀ padà nínú ohun tí ìjókòó àlọ́ ń ṣe nígbà kan rí.

Ọ̀ràn yìí ju ọ̀ràn eré lọ. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a sọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Ọ̀wọ́ kejì gba ọ̀nà tí a ti ń gbà tẹ́lẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tí ó kù. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ẹ̀kọ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tí a kì í sábà rántí. Kí ó tó lè ṣeé ṣe, àwọn olùwádìí ní láti jókòó kọ ìwé ní èdè Yorùbá fún àwọn ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé èyí tí ó wà nílẹ̀ kò tó. Ìfẹ́ èdè nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ìwé tí yóò kà gbọ́dọ̀ wà.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ohun yòówù kí ènìyàn rò nípa ìpinnu náà, ohun kan dájú: ẹrù ilé ti pọ̀ sí i. Bí ọmọ yóò bá mọ èdè rẹ̀ kà, kì í ṣe ilé-ìwé ni a óò máa wojú rẹ̀. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Níbo wá ni òbí yóò ti rí ìwé? Ìwé ìtàn fún ọmọdé ní èdè Yorùbá kò pọ̀ nínú ilé ìtàwé, èyí tí ó bá sì wà ń náni lówó. Ní ọdún 2014, àjọ kan tí ń jẹ́ Saide ní Gúúsù Áfíríkà dá ojú-òpó kan sílẹ̀ tí a pè ní African Storybook. Ìwé ìtàn alálàwòrán ni ó kún inú rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ èdè ilẹ̀ Áfíríkà, Yorùbá sì wà nínú wọn. A pín àwọn ìtàn náà sí ìpele 5. Ní ìpele kìíní, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele kejì, gbólóhùn. Lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ kúkúrú, lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ gígùn. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ìtàn tí àgbà yóò máa kà sí ọmọ létí. Nípa báyìí, òbí tí ó ní ọmọ ọdún 4 kò ní í ṣèèṣì fún un ní ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2015, àjọ Pratham Books ní ilẹ̀ Íńdíà ṣí ojú-òpó tirẹ̀, StoryWeaver, lórí irú èrò kan náà. Níbẹ̀, ìtàn tí a kọ́kọ́ kọ ní èdè Híńdì lè di ti èdè mìíràn, kí àwòrán rẹ̀ má sì yí padà. Ọmọ Ìjẹ̀bú lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ará Íńdíà pẹ̀lú ń bẹ̀rù òkùnkùn, ó sì ń jà du ẹran pẹ̀lú àbúrò rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, èé ṣe tí a kò fi gba owó? Òfin àṣẹ òǹkọ̀wé sọ pé ẹni tí ó kọ ìwé ni ó ni ín, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2001, a dá ẹgbẹ́ Creative Commons sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ṣe irú ìwé-àṣẹ kan nípasẹ̀ èyí tí òǹkọ̀wé fi lè yọ̀ǹda iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú fún gbogbo ayé. Lábẹ́ irú ìwé-àṣẹ yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn inú ojú-òpó méjèèjì wà. Ẹnikẹ́ni lè gbà wọ́n sórí fóònù rẹ̀, ó lè tẹ̀ wọ́n sórí bébà, ó lè túmọ̀ wọn, ó sì lè tún àṣìṣe inú wọn ṣe, bí ó bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ àti ẹni tí ó ya àwòrán. Kí olùkọ́ ka ohun tí a kọ nípa àṣẹ náà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn kan fàyè gba lílò lọ́fẹ̀ẹ́ ṣùgbọ́n wọn kò fàyè gba títà. Olùkọ́ tí ó ní ogójì ọmọ tí kò sì ní ìwé kan ṣoṣo yóò mọ iyì irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó wúlò fún ilé ni YorubaName.com, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015. Níbẹ̀ ni ọmọ ti lè wá orúkọ ara rẹ̀, kí ó rí ìtumọ̀ rẹ̀ àti bí a ti ṣe so ó pọ̀. Fún ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí olùkọ́ rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ ní ìpè tí kò ní ìtumọ̀, nǹkan ńlá ni èyí. Ọmọ tí ó mọ̀ pé gbólóhùn odindi ni orúkọ òun kò ní í tijú rẹ̀.

Fún ìṣirò, Khan Academy wà. Ní ọdún 2004 ni Salman Khan, tí ń gbé ní Boston ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ kan tí ń gbé ní ìlú mìíràn ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí àwọn ìbátan mìíràn gbọ́, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ó kọ́ àwọn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ́ náà sínú fídíò ní ọdún 2006. Ní ọdún 2008, ó sọ ọ́ di àjọ tí kì í wá èrè. Ọ̀fẹ́ ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá yóò ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dí bàbá lọ́wọ́ láti dá fídíò náà dúró, kí ó gé ọsàn sí mẹ́rin, kí ó sì fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá mẹ́rin. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ̀ ẹbí ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀: ẹnìkan fẹ́ ran ọmọ ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ń dán kọ́ ni wúrà. Ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ ìtàn sórí irú ojú-òpó wọ̀nyí, nítorí náà òbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìtàn kí ó tó fi han ọmọ. Kí ó wo àmì ohùn ná. Bí a bá kọ "igba" láìsí àmì, ọmọ kò lè mọ̀ bóyá iye ni, igba. Tàbí ohun tí a fi ń bu omi, igbá. Tàbí àkókò, ìgbà. Tàbí okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ, igbà. Àgbà tí ó gbọ́ èdè yóò fi òye gbé e. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ yóò kọsẹ̀. Kí ó tún wo èdè ìtumọ̀ náà, bóyá bí Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ ni ó rí, tàbí Gẹ̀ẹ́sì tí a wọ̀ ní agbádá. Bí ó bá rí àṣìṣe, kí ó tún un ṣe. Ìwé-àṣẹ ti fún un láyè.

Kí ó ṣọ́ra pẹ̀lú fún ojú-òpó tí ìpolówó ọjà kún inú rẹ̀, àti èyí tí ń béèrè orúkọ ọmọ, ilé-ìwé rẹ̀ tàbí àwòrán rẹ̀. Ìtàn kíkà kò nílò wọn. Ní ti àkókò, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ jókòó ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rárá, àti pé kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Bí ó bá kéré sí i, ó dára jù. Òbí tí ó bá tẹ ìtàn sórí bébà ti bọ́ nínú ìdààmú yìí, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ owó dátà pẹ̀lú.

Bí a ó ti lò ó ni ó wá kù. Kí ìyá tàbí bàbá jókòó ti ọmọ, kí ó máa fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ bí ó ti ń kà á sókè. Bí ìtàn bá sọ pé ajá sọnù, kí ó dúró, kí ó béèrè pé, "Níbo ni o rò pé ó lọ?" Kí ọmọ sọ tirẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ojú-ìwé kejì. Ní ọjọ́ kejì, kí ọmọ ka èyí tí ó bá lè kà fún òbí. Ìyá àgbà tí ó wà ní Ọ̀yọ́ lè ṣí ìtàn kan náà sórí fóònù, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì ṣí i, kí àwọn méjèèjì máa kà á fún ara wọn. Èyí tí ó tún dára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí a gba ohùn ìyá àgbà náà sílẹ̀ bí ó ti ń pa àlọ́ tirẹ̀, kí òbí àti ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ọmọ ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sórí African Storybook, níbi tí ọmọ ẹlòmíràn yóò ti rí i kà. Bí ìyá àgbà bá lọ, àlọ́ rẹ̀ kò ní í bá a lọ.

Ẹ̀rọ lè pa ìtàn mọ́, ó sì lè gbé e dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó wo ojú ọmọ, kí ó mọ̀ pé kò gbọ́ ohun tí a sọ, kí ó sì tún un sọ. Àlọ́ tí kò ní ẹni tí yóò ké "Ààlọ́ o!" sí ọmọ létí kò tí ì di àlọ́. Àwọn ìwé náà ti wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òbí ni yóò ké, kí ọmọ tó lè dáhùn.