Bí Kò Bá Sí, Má Wulẹ̀ Lọ Síwájú: Maybe nínú Haskell

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín, ẹ gbọ́ tèmi ná. Mo kọ ètò kan tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹ fún un ní "olùkọ́", yóò mú gbòǹgbò rẹ̀, "kọ́", jáde. Yóò wá ìsọ̀rí "kọ́", ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe. Yóò sì wá àmì tí a fi ń dúró fún ìsọ̀rí yẹn nínú tábìlì. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ kan, mo ní kó dá òfìfo padà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Iṣẹ́ kejì gba òfìfo bí ẹni gba ọ̀rọ̀, ìkẹta kà á mọ́ "àwọn yòókù". Alábòójútó mi wo tábìlì náà, ó ní, "Àwọn wo ni 'àwọn yòókù' tó pọ̀ tó báyìí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Haskell, èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé jáde ní 1990, ní irú dátà kan tó ń jẹ́ Maybe. Ọ̀kan nínú méjì ni: Just, tó ní nǹkan nínú, tàbí Nothing. Ẹ ò lè ṣèèṣì ka Nothing kún ọ̀rọ̀. Haskell kò ní gbà.

Báyìí ni a ṣe ń so iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀:

gbongbo "olùkọ́" >>= isori >>= ami

Bí ohun tó wà lápá òsì >>= bá jẹ́ Just, yóò tú u, yóò gbé ohun inú rẹ̀ fún iṣẹ́ tó kàn. Bó bá jẹ́ Nothing, kò ní pe iṣẹ́ tó kàn rárá. Nothing náà ni ẹ máa rí lópin. Ẹ tẹ "oluko" láìfi àmì sí i: gbongbo kò rí i, isori àti ami kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Ẹ ṣọ́ra fún mapM o. Mo kó ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ fún un, ẹyọ kan ṣoṣo ni kò sí, gbogbo rẹ̀ di Nothing. mapMaybe ń ju èyí tí kò sí nù, ó ń kó ìyókù jọ. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ mọ ohun tó jù nù.

Either ni mo padà lò. Right dà bíi Just; Left ń gbé ìdí dání, >>= kan náà ló sì ń so wọ́n. Mo ní kí Left máa kó ọ̀rọ̀ tó kùnà wá. Ó yà mí lẹ́nu: ọ̀pọ̀ wọn ló ní àmì ohùn! Ẹni tó tẹ̀ wọ́n ló fi àmì sábẹ́ "ó", nígbà tí atúmọ̀ mi fi àmì òkè sórí "ọ". Lójú wa, "ọ́" kan náà ni. Kọ̀ǹpútà kà á sí méjì.