Ìwé Àwìn Tó Tú Àṣírí Ìkòkò Mi

Láti ọwọ́ obìnrin alásè kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Oúnjẹ ni mo ń sè tà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń dáná lẹ́bàá òpópónà Ìbàdàn, níbi tí àwọn awakọ̀, ọlọ́kadà, bíríkìlà àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti ń yà jẹun. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi nígbà kan, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí lára ògiri ni páálí kan tí mo kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí pé: "Kò sí àwìn lónìí, ẹ wá lọ́la." Ẹni tó bá padà wá lọ́la, lónìí náà ni yóò tún bá níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo ya ahun. Àwìn ti pa ọ̀pọ̀ olóúnjẹ lójú mi. Alátà kì í gba "mo ń bọ̀", alápatà kì í gba "ó dọ̀la".

Ní oṣù kejì ọdún 2023, ọwọ́ ara mi ni mo fi já páálí yẹn.

Ẹ̀yin náà kò ní tíì gbàgbé ìgbà náà. Báńkì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà ti kéde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000. Wọ́n fi gbèdéke sí ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. A kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì, tuntun kò sì jáde tó. Ènìyàn á ní owó ní báńkì, ebi á sì máa pa á. Bí oníbàárà bá fi fóònù fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, owó lè kúrò lápò tirẹ̀, kó má sì dé ọ̀dọ̀ mi títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bíríkìlà kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi wọlé, ó jókòó, ó ní omi lásán lòun fẹ́ mu. Ó mu ife kan, ó mu ìkejì. Nígbà tó bèèrè ìkẹta, mo gbé èbà àti ọbẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, n kò lówó lọ́wọ́ o." Mo ní, "Ṣé mo bèèrè ni?" Ọjọ́ yẹn ni mo rán ọmọ lọ ra ìwé kan, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ, oúnjẹ àti iye rẹ̀ sínú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ènìyàn 39 ló ti wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé agbára mi ni mo fi ṣe é. Ìyá tí mo ń ra gaàrí lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Òkè-Ajé gbé àpò kan fún mi, ó ní bí owó bá jáde kí n mú tòun wá. Ẹlẹ́ja ṣe bẹ́ẹ̀. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa tó ní oko kó ewùrà wá láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó ń jẹ àwìn lọ́dọ̀ mi kò mọ̀ pé àwìn lèmi náà ń jẹ, àti pé àwọn tí mo jẹ ní gbèsè náà ń jẹ ẹlòmíràn, títí dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ nínú oko.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Díẹ̀díẹ̀ ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àwọn tó wà nínú ìwé sì ń wá san gbèsè wọn.

Ohun tí a kà nínú ìwé náà

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, èmi àti ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jókòó láti ṣírò owó tó kù níta. Òun ló ń kà á. "Èbà, ẹran méjì. Èbà, ẹran méjì, pọ̀nmọ́. Ìrẹsì, ẹran. Èbà, ẹran méjì." Ó dákẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ọkùnrin yìí kò fi ẹ̀fọ́ kan ẹnu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Mo ní kó ka ti ẹlòmíràn. Bákan náà ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bu oúnjẹ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Àwo ọjọ́ kan ni mo máa ń rí. N kò rí ti odidi oṣù kan pọ̀ rí.

Mo fẹ́ dá wọn lẹ́bi, àmọ́ ta ló ń sè é? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo máa ń se ẹ̀fọ́, nítorí pé ó tètè ń bàjẹ́, èrè rẹ̀ sì kéré. Ọmọ mi tún bi mí pé hóró mágí mélòó ni mo ń sọ sí ìkòkò ọbẹ̀ kan. Nígbà tí mo dá a lóhùn, ó la ẹnu sílẹ̀. Ó ní iyọ̀ ló pọ̀ nínú mágí, a sì tún ń bu iyọ̀ lé e. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kò tó ṣíbí tíì kan, àti èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti núdùùsì pẹ̀lú.

A ń bọ̀, a dé ojú ewé awakọ̀ àgbàlagbà kan. Oúnjẹ rẹ̀ dáwọ́ dúró lójijì. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé ọkọ rẹ̀ ṣubú, apá kan ara rẹ̀ sì rọ. Ó tú owó ní ìdí ìró rẹ̀, ó ní, "Ó ní kí n wá san owó oúnjẹ yín kí n tó ra oògùn míràn." Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gbé owó náà lọ, ó kọ̀. Nígbà tó lọ tán, mo tún ṣí ojú ewé ọkọ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ọbẹ̀ àfikún". Kì í ṣe èmi ló yẹ kó sọ ohun tó fa àìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru a máa wà lára ẹni tí kò mọ̀ rárá, àfi tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ọbẹ̀ yí padà

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín mágí kù díẹ̀díẹ̀, mo fi irú, edé àti ẹja gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Mo ń se ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, àwo kékeré kan sì ń bá èbà lọ láìgba owó lé e. Ariwo sọ! "Ìyá, ṣé iyọ̀ ti wọ́n tó báyìí ni?" Àwọn kan ṣí lọ sí òdìkejì títì. Ó dùn mí, n kò ní parọ́.

Oúnjẹ tó fún mi nígboyà ni ìkọ́kọrẹ́, tí àwa Ìjẹ̀bú tún ń pè ní ìfọ́kọrẹ́. A ó rin ewùrà, a ó máa fi ọwọ́ sọ ọ́ sínú omi ata àti epo pupa tó ń hó, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti edé. Ẹja yẹn ló ń gbé adùn rẹ̀. (Àwọn àlejò a máa rò ó títí yóò fi dàbí ẹ̀kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kókó inú rẹ̀ sílẹ̀!) Àwọn ọmọ wa kì í sábà bèèrè rẹ̀ mọ́, àfi ní ọjọ́ Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ará Èkó bá wálé. Nígbà náà ni gbogbo wọn ń di Ìjẹ̀bú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di núdùùsì.

Ọgbẹ́ àìlówó kò tíì jinná tí Ààrẹ tuntun fi kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo bẹntiróòlù kan kúrò ní ìsàlẹ̀ náírà 200, ó di nǹkan bí 500. Owó ọkọ̀ fò sókè, gaàrí tẹ̀ lé e. Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi pé bí oṣù bá parí, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Bíríkìlà yẹn ló dìde. Ó ní, "Ìyá, ìwé yẹn dà? Ẹ kọ wá sínú rẹ̀ padà. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin lẹ máa jẹ wá ní gbèsè." Ohun tó ń wí ni pé kí àwọn máa san owó oúnjẹ sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ènìyàn 16 san ti ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Owó yẹn ni mo fi ń ra gaàrí ní àpò-àpò dípò kóńgò. Bíríkìlà tún ààrò mi mọ, ó ní kí n kọ owó iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé. Èbà ló fi ń jẹ ẹ́ tán.

Awakọ̀ wa ti ń fi ọ̀pá rìn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ a máa mú un wá. Ó jẹun tán lọ́jọ́ kan, ó na àwo rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ bu omi ọbẹ̀ díẹ̀ sí i." Mo wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó mi orí. Ẹ̀fọ́ ni mo bù sí i.