Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín kò bá ṣí lẹ́yìn omíyalé

Láti ìgbà tí omi ti ń fà ní Májídùn, ní Ajégúnlẹ̀ àti létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn: "Mo padà síbi tí mo gbé ọkọ̀ mi sí, ilẹ̀kùn kọ̀, kò ṣí. Kí ni kí n ṣe?" A mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká yín lára. Ọkọ̀ yẹn ni ẹlòmíràn fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Inú rẹ̀ ni ẹlòmíràn kó ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ àti ìwé ilẹ̀ sí nígbà tí omi ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀: ẹ má fi ipá ṣí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gíláàsì tí a fọ́, tàbí kọ́kọ́rọ́ tó kán sínú ihò, á tún di gbèsè mìíràn lọ́rùn ẹni tí omi ti lé kúrò nílé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án
Bí wọ́n bá ṣì ń tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, tí odò Ògùn ṣì ń kún, ẹ má tíì lọ. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ àti ẹ̀yìn táyà dáadáa, nítorí ejò máa ń sá fún omi lọ síbi gbígbẹ. Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ náà yíká, kí ibi tí omi mù ún dé hàn. Ẹni tó bá ní ínṣọ́ránsì tó kárí ọkọ̀ tirẹ̀ yóò nílò fọ́tò náà.

Bí rìmóòtù kò bá ṣiṣẹ́
Bí omi bá ti pa bátìrì ọkọ̀, rìmóòtù kò lè ṣí ilẹ̀kùn. Èyí kò túmọ̀ sí pé lọ́ọ̀kù ti bàjẹ́. Ẹ lo kọ́kọ́rọ́ irin. Ọ̀pọ̀ rìmóòtù ìgbàlódé ní kọ́kọ́rọ́ irin kékeré nínú; ẹ wá bọ́tìnnì tó dì í mú, ẹ fà á yọ. Bí ẹ kò bá rí ihò kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo abẹ́ ọmọrí kékeré tó wà nídìí ibi tí à ń fọwọ́ mú.

Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá wọlé, tàbí tí kò yí
Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ti dí ihò náà, tàbí irin inú rẹ̀ ti dógùn-ún. Ẹ rọra fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ jẹ́ kó ro. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́n WD-40 tàbí irú rẹ̀ tí àwọn mẹ́kánííkì ń lò sí i, kí ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ fà á yọ, ẹ nù ún, ẹ tún ki í bọ̀ ọ́, títí yóò fi lọ geere kí ẹ tó yí i. Ẹ má lo epo pupa, òróró tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì; ńṣe ni wọn yóò kó iyanrìn jọ. Ẹ má sì fi ẹ̀mú yí kọ́kọ́rọ́.

Bí kọ́kọ́rọ́ bá yí, tí ilẹ̀kùn kò sì ṣí
Ẹrẹ̀ lè ti lẹ rọ́bà etí ilẹ̀kùn mọ́ra. Kí ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀kùn sínú, kí ẹlòmíràn máa fà á níbi ìdìmú rẹ̀. Ẹ gbìyànjú gbogbo ilẹ̀kùn yòókù, àti búùtù. Awakọ̀ kan tí a bá lọ sí Májídùn ti gbé òkúta sọ́wọ́ kí a tó bi í bóyá ó ti fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò. Kò tíì fà á. Bó ti fà á báyìí, ó ṣí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ pe rìwáyà tàbí ẹni tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ dá owó iṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í.

Nígbà tó bá ṣí
Ẹ má sítáàtì rẹ̀! Omi tó wà nínú ẹ́ńjìnnì lè ba á jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tú wáyà kúrò lójú bátìrì tó ní àmì (−). Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí omi inú rẹ̀ lè jáde. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, títí mẹ́kánííkì yóò fi dé. Ìwé tó bá tutù, ẹ má ya á lára ara wọn ní tipátipá. Ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe inú oòrùn.

Bí ọmọ tàbí ẹnikẹ́ni bá há sínú ọkọ̀
Níbí nìkan ni a kò ti ní kí ẹ ní sùúrù. Ẹ fọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí ẹni náà jù, níbi igun rẹ̀, kì í ṣe gíláàsì iwájú. Kí ẹlòmíràn pe 767 tàbí 112.

Ẹni tí kò bá rí ẹni bá a dé ibi ọkọ̀ rẹ̀, kó sọ fún wa níbi tí a ti ń pín ohun ìrànwọ́. A ó wá ẹni bá a lọ. Olúwa tó dá ẹ̀mí sí yóò bá wa tún ìyókù ṣe.