Oògùn Àfikún Nínú Abẹ́rẹ́ Ìsàlẹ̀ Ẹ̀yìn: Dídẹ Ìrora Ọmọdé Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ọmọ tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Warri lè padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ó lè jẹ́ Effurun tàbí Udu ni ilé wà, níbi tí mọ́tò ń dé. Ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìletò etí odò, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ń gbé èèyàn débẹ̀. Bí ọmọ náà ti ń jáde kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ara rẹ̀ balẹ̀, kò sunkún, ó tilẹ̀ lè béèrè oúnjẹ. Abẹ́rẹ́ tí a gún un ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà ní ìwọ̀n àkókò tirẹ̀. Bí ó bá tán lójú omi, ta ni yóò gbọ́ igbe ọmọ bí kò ṣe ìyá rẹ̀? Nítorí irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ṣe ń wá oògùn àfikún.

Abẹ́rẹ́ yìí yàtọ̀ sí oògùn akunnilóorun. Akunnilóorun a máa mú ọmọ sùn. Abẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn kì í mú un sùn, ìsàlẹ̀ ara nìkan ni ó ń mú kú tipiri, bí ẹsẹ̀ ti í kú nígbà tí èèyàn bá jókòó lé e pẹ́. Méjèèjì ni a sábà máa ń lò pọ̀ fún ọmọdé. Yóò kọ́kọ́ sùn, a ó wá dà á sí ẹ̀gbẹ́, a ó sì wá ihò kékeré tí ó wà níbi tí egungun ẹ̀yìn ti ń parí. Ibẹ̀ ni oògùn ti ń wọlé lọ bá àwọn iṣan tí ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ. Jean-Athanase Sicard àti Fernand Cathelin, tí wọn kò bá ara wọn ṣe é pọ̀, ni wọ́n kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí ní Paris ní 1901. Ní 1933, Meredith Campbell ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa lílò rẹ̀ fún ọmọdé.

Bupivacaine ni oògùn tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀, wákàtí 4 sí 6 ni ó sì máa ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi kún un kí ó lè pẹ́. Ìṣirò ni yóò dá a lóhùn. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Armitage gbé jáde ní 1979, iṣẹ́ abẹ ìpá gba mílílítà 1 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, kí agbára oògùn náà sì jẹ́ ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí ó wọn kílógíráàmù 12 yóò gba mílílítà 12, èyí tí ó jẹ́ mílígíráàmù 30. Ohun tí a gbà pé kò gbọdọ̀ kọjá ni mílígíráàmù 2.5 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, èyí náà sì jẹ́ 30 gẹ́lẹ́. Ààyè kò ṣẹ́ kù rárá. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn ọmọ ni ó lè kọlù, bupivacaine tí ó bá sì ti di ọkàn mú kì í tètè tú u sílẹ̀. Nítorí náà, oògùn mìíràn ni a gbọ́dọ̀ fi tì í lẹ́yìn.

Kì í ṣe láéláé ni ìṣègùn òyìnbó ti ka ìrora ọmọdé sí. Títí di ọdún 1980 sí 1989, ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni a ṣe iṣẹ́ abẹ fún láìsí oògùn ìrora tí ó tó, nítorí àwọn kan gbà pé ọpọlọ wọn kò tí ì gbó tó láti mọ̀ ọ́n. Àkọsílẹ̀ Anand àti Hickey ní 1987 wà lára ohun tí ó yí èrò yẹn padà. Lédè Yorùbá, inú a máa run ni, orí a máa fọ́, egbò a máa ta, oríkèé a máa ro; ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan kò ní ìkankan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu. Ìdí nìyí tí a fi ń wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, ìṣesí ara rẹ̀, igbe rẹ̀, àti bí ó ṣe rọrùn tó láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Òdo sí 2 ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 10.

Nínú àwọn oògùn àfikún, adrenaline ti pẹ́ jù, àǹfààní rẹ̀ kò sì pọ̀. Morphine lágbára gan-an, ó lè tó ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n a máa fa ara yíyún àti èébì, ó sì lè dín mímí kù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọmọ tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ sùn sí ilé ìwòsàn níbi tí nọ́ọ̀sì yóò ti máa ṣọ́ èémí rẹ̀, ìbáà jẹ́ Central Hospital ní Warri tàbí ilé ìwòsàn ìkọ́ni tí ó wà ní Oghara. Kì í ṣe oògùn ẹni tí ń wọkọ̀ ojú omi lọ sílé.

Clonidine, tí a mọ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, a máa fi bíi wákàtí 4 kún un, gẹ́gẹ́ bí àkójọ ìwádìí kan tí ó jáde ní 2011 ti fi hàn. Ó ń mú ọmọ tòògbé, ó sì lè mú kí ọkàn rọra máa lù. A kì í sáré lò ó fún ọmọ ọwọ́. Ketamine ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní wákàtí 5. Òun sì ni ó wọ́pọ̀ jù ní àwọn yàrá iṣẹ́ abẹ ilẹ̀ wa. Ibí yìí gan-an ni ewu wà. Ketamine inú ìgò lásán sábà máa ń ní èròjà tí kì í jẹ́ kí oògùn bàjẹ́, èròjà yìí kò sì yẹ ní tòsí ọ̀pá ẹ̀yìn. Èyí tí kò ní in ni a gbọ́dọ̀ lò, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni a ti ń rí i. Ìwádìí lára ẹranko tilẹ̀ ti mú kí àwọn kan máa ṣiyèméjì nípa fífi ketamine sí ẹ̀yìn ọmọ tí ó kéré jọjọ. Pé oògùn kan wà nítòsí kò sọ ọ́ di èyí tí ó yẹ.

Ọ̀nà kan wà tí kò ní ariwo púpọ̀. Dexamethasone tí a fún ọmọ láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ìtura abẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn pẹ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí kan ní Kòríà ti fi hàn ní 2010. Kò sún mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì tún ń dín èébì kù. A ó wá fi paracetamol lé e, kí a fún ọmọ ní èyí àkọ́kọ́ kí ó tó kúrò nílé ìwòsàn, kí a sì kọ wákàtí èyí tí ó kàn lé ìyá lọ́wọ́, kí ó má baà dúró de ìgbà tí ọmọ bá ké. Ọmọ tí a gún ní agogo mẹ́sàn-án, láàárín agogo kan sí mẹ́ta ọ̀sán ni bupivacaine rẹ̀ yóò tán.